Mi ò gba "àjọjẹ" fún labalábá àti èèrà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú akitiyan lórí èdè wa. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Kàbà, níbi tí ẹ ti pe gbogbo ohun tó so labalábá, èèrà àti ewéko pọ̀ ní "àjọjẹ". Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí.

"Jọ" inú rẹ̀ ni mò ń bá jà. Àwọn tó bá jọ jẹun mọ ara wọn. Nígbà tí bàbá mi bá kó wa jọ sídìí àwo iyán n'Ìyàrà, kò sẹ́ni tó yọ́ wọlé láàárín wa. Ẹ wá wo labalábá búlúù tí wọ́n ń pè ní Phengaris arion, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí òdòdó ìbátan taimù inú ọbẹ̀ wa ló ń yé sí. Ọmọ rẹ̀ á jẹ òdòdó náà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á já bọ́ sílẹ̀, á sun omi dídùn fún èèrà Myrmica lá. Èèrà á gbé e wọlé, nítorí òórùn ọmọ èèrà ló ń rùn. Ọmọ onílé ló máa jẹ níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá! Ó jọ ọmọ èèrà ni, kò bá èèrà jọ ṣe nǹkan kan. "Jọ" méjì ni, bí ohùn wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Ewéko ńkọ́? Nígbà tí àrùn pa àwọn ehoro tó ń jẹ koríko, koríko ga, ilẹ̀ tutù, irú èèrà tó ń gbà á tọ́ kò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Ní 1979, labalábá yìí tán pátápátá níbẹ̀. Sweden ni wọ́n ti lọ mú òmíràn wá.

Mo mọ̀ pé nínú ìdílé labalábá yìí kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ń sanwó oúnjẹ: wọ́n ń sun omi dídùn, èèrà ń lé agbọ́n àti aláǹtakùn fún wọn. Ẹ pe ìyẹn ní àjọṣe, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n èèrà pupa tó ń rán ewé kajú pọ̀ lóko wa ní àlejò tiẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọmọ labalábá Euliphyra. Ẹnu èèrà ló ti ń gba oúnjẹ. Àgbàtọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ti fi sílẹ̀ fún wa. Àgbàtọ́ kò sọ bóyá ọmọ náà yóò ṣoore tàbí yóò ṣèkà, ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

Nínú àwọn tó fèsì sí ọ̀rọ̀ yín, ẹni tó dábàá "àfòmọ́", mo gbọ́. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ṣùgbọ́n òun ló fò mọ́ igi. Eléyìí, onílé ló fúnra rẹ̀ gbé e wọlé.

Ẹni tó sì ní kí àwa Ọ̀kun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, má dá sí ọ̀rọ̀ ohùn, nítorí pé ẹ̀ka èdè là ń sọ: ẹ̀ka wo ni tiyín? Ẹ sọ ibi tí mo ti ṣi ohùn sí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "àjọjẹ" kí wọ́n tó tẹ ìwé náà fún àwọn ọmọ.