Èsì: “Ìrònú-rere” kẹ̀? Ta ló kú?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Mo ti fẹ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí ọ̀gá wa tó ń kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ti gbé ìwé pélébé kan lórí ríro ire sí ọmọ, tó ń túmọ̀ sí Yorùbá fún àwọn òbí, síwájú wa ni mo ti ń ka lẹ́tà yín, tí mò ń mirí. Àfi bí mo ṣe rí i lánàá pé ẹ ti fẹ́ fẹnu kò. Ẹ ní ohun tí òyìnbó ń pè ní positive thinking, “ìrònú-rere” ni, tàbí “ìròire” fún ẹni tó bá fẹ́ kó kúrú. Ẹ ní imagination, “àlá ojúmọmọ” ni. Ọ̀gá wa sì ní ìwé náà ti fẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Háà! Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ibi tó ká mi lára jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ẹ bá gbọ́ pé ìrònú bá ìyá kan, ṣé ohun tó máa wá sí yín lọ́kàn ni pé ìyá jókòó, ó ń gbèrò ohun dáadáa? Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọmọ kú, tàbí gbèsè wọlé, tàbí ẹni tó lọ sídàálẹ̀ ò fọhùn mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ la ti ń sọ pé “Ẹ má ronú mọ́, ẹ mú un mọ́ra.” Ẹni tó rù kan eegun, wọ́n á ní ìrònú ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń bẹ èèyàn pé kó fi sílẹ̀ lẹ wá fẹ́ máa bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n máa ṣe láàárọ̀ lálẹ́.

Mi ò sọ ọ́ lásán. Ilé-ìwé kan níbí pe àwa òbí àti òbí àgbà síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Olùbánisọ̀rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, dìde, ó ní, “Ẹ̀yin òbí wa, mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe ìrònú rere lórí àwọn ọmọ yín.” Ìyá arúgbó kan jókòó tì mí, ó ń fi etí ìborùn nu imú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó fi ìgúnpá gún mi. “Kí ló ṣe àwọn ọmọ náà? Ta ló kú?” Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kú, màmá.” Ó ní, “Kí wá ni wọ́n ní ká máa ronú sí?” Kò gbọ́ nǹkan míì tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ mọ́. Ó ń bi mí títí tí a fi dìde bóyá wọ́n ń fi nǹkan kan pa mọ́ fún àwọn àgbà ni.

Ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní LAUTECH ti sọ pé “ìrònú” wà nínú “ìrònúpìwàdà”, àti pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó jáde lódindi ní 1884, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ nìkan. Ọmọ dáadáa, mo yìn ọ́ pé o ń kàwé. Ṣùgbọ́n wo iṣẹ́ tí ìrònú ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó ń ronúpìwàdà, ṣé ẹ̀rín ló ń rín ni? Ó káwọ́ lérí, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, ìdùnnú dẹ̀yìn ìgbà tí ìwà bá yí padà. Ọmọ Òṣoogùn ni Crowther, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tó o mú wá láti fi bì mí wó, ẹ̀yìn mi ló dúró sí.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé “rò” nìkan kọ́ ló ní ẹ̀bi. Ìgbà tí “inú” bá wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ń dorí kodò. A ní àròjinlẹ̀, a ní “rò ó wò”, a ní “ro ẹjọ́”, kò sí omijé nínú wọn. A sì ní “ro ire”. Ta ni nínú yín tí kò gbọ́ kí àgbà sọ pé “Ẹ máa ro ire sí mi”? Ó wà nílẹ̀ tipẹ́, ẹ kàn ń fò ó kọjá ni.

Ó tún wá ku ọmọ ìyá rẹ̀ kan tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti ń jà: àròpin. Ẹ sọ pé ẹ ò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ lè fi kọjú sí ohun tí ìwé yín ń bá jà. Àròpin rèé! Ọmọ ṣe ìdánwò JAMB, ó gba 140 nínú 400, bàbá rẹ̀ ò tíì jókòó, ó ti ní, “Olódo, mo ti mọ̀ pé ibi tí wàá parí sí nìyí.” Bàbá ti rò ó pin. Ọmọ ọdún 17 ni o. Tí ẹ bá fẹ́ bá òbí yẹn sọ̀rọ̀, ẹ kọ “Ẹ má rò wọ́n pin” síwájú ìwé yín gàdàgbà. Láti Tààkì títí dé Sábó, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí lẹ wí.

Mo dé orí ohùn. Ẹni tó kọ “ìròire”, ọwọ́ olùkọ́ wo lẹ ti kẹ́kọ̀ọ́? Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, tó bá ti kojú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn àárín ló ń dà. Gbà á, gba owó. Wò ó, wo ojú mi. Rò ó, ro ire. Ibo ni àmì ìsàlẹ̀ yẹn ti wá? Ọ̀gá wa láti Ọ̀yọ́ dáhùn pé “ronú” ò ní àmì ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n “ìrònú” ní in, nítorí náà “ìròire” tọ̀nà. Kò burú. Ẹ wá fi “rojọ́” dán an wò. Ta ló ń pe ẹni tó ń rojọ́ ní “aròjọ́”? Arojọ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àfòmọ́ “a”, ìyẹn ẹyọ tí à ń so mọ́ iwájú ọ̀rọ̀, kì í ṣe àfòmọ́ “ì”. Ẹ mú àpẹẹrẹ “ì” márùn-ún mìíràn wá nígbà náà, ká jọ kà wọ́n. Ìrònú nìkan ò tó dá òfin sílẹ̀.

“Àlá ojúmọmọ” ńkọ́? Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Ẹ fẹ́ kí òbí máa lálàá lójú mọmọ nígbà tí èdè wa ti ní “fojú inú wò”. Ẹ kíyè sí “wò” yẹn, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Kì í ṣe “rí”. Tọ́ ọ wò, gbé e wò, dán an wò, bi í wò: ìdánwò ló wà nínú gbogbo wọn. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ á kán díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, á tọ́ ọ wò, á tẹnu lá ètè, kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó fojú inú wo ọ̀la ọmọ rẹ̀ kò jókòó ti adùn nìkan. Ó ń wo ibi tí owó ilé-ìwé máa gbà wọlé. Ó ń wo ẹni tó máa gba ọmọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń wo ohun tí wọ́n máa ṣe tí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá dí. Àlá ò ní “wò” nínú, ńṣe lèèyàn kàn ń lá a.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ arábìnrin wa tó ń gbé Jámánì, tó dárúkọ Gabriele Oettingen, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì New York. Nínú ìwádìí tí òun àti Doris Mayer gbé jáde ní 2002, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó máa ń fọkàn jẹ̀gbádùn iṣẹ́ tí wọn ò tíì rí, ìwé ìwáṣẹ́ tí wọ́n kọ kéré, iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n kéré, owó oṣù wọn náà kéré. Àwọn tó gbà pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ àwọn tẹ iṣẹ́ ló ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ohun tí Oettingen ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n wo ire tí wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n sì wo ohun tó dí i lọ́nà lójú kan náà. Arábìnrin wa wá fi èyí ṣe ẹ̀rí pé “àlá ojúmọmọ” dára! Ẹ̀rí tó ń pa ẹjọ́ ara rẹ̀ nìyẹn, ẹ tún un kà.

Ẹnìkan tún sọ, mi ò fẹ́ ní ta ni, pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ríro ire sí ọmọ ti wá, pé Coué ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, apoògùn ará Faransé tó kú ní 1926, tó ní káwọn aláìsàn máa tún un sọ láàárọ̀ àti lálẹ́ pé lójoojúmọ́ lara àwọn ń le sí i. Mo kí Coué. Ṣùgbọ́n kí wá ni oríkì? Ẹ wo àfòmọ́ “à” yẹn. Àdùkẹ́: ẹni tí wọ́n ń dù láti kẹ́. Àbẹ̀kẹ́: ẹni tí wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó rí i kẹ́. Àjàní: ẹni tí wọ́n jà kí wọ́n tó ní. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí ojú rẹ̀ ò tíì là tán, ta ló ti dù ú? Ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ló fojú inú wò ó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ìdájí kó tó jí dáadáa, títí tí òun náà fi ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dù. Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń ki ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, alágídí ọmọ, láàárọ̀ tí wọ́n lé e kúrò ní ilé-ìwé gan-an. Oríkì yẹn ò yí padà nítorí ìwé ìléni.

Síbẹ̀, kí ọ̀gá wa láti Ọ̀yọ́ má tàn wá pé ire nìkan ló ń ti ẹnu àwọn àgbà jáde. Àwọn tó sọ àbíkú ní Dúrójayé náà ló ń sọ òmíràn ní Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Ìhàlẹ̀ nìyẹn, ẹ má fi oyin pa á lẹ́nu.

Ti pé “Ọ̀yọ́ ló ni Yorùbá tí ẹ fi ń kọ̀wé”, mo ti gbọ́. Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, Ìjàyè àti ọ̀dọ̀ wa níbí ló gbé. Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ sì jáde lábẹ́ Smithsonian ní 1858. Ìlú tí Ládòkè Akíntọ́lá ti wá lẹ fẹ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ dárà? Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ tó lù mí kí n tó mọ àmì ohùn, St Andrew’s Ọ̀yọ́ yín náà ló ti jáde. Òun ló máa ń bi wá pé, ìgbìmọ̀ wo ló jókòó ṣẹ̀dá “asọ̀rọ̀mágbèsì”? Àwọn tó bá àpótí rédíò yẹn sọ̀rọ̀, tí kò dá wọn lóhùn, ni.

Lórí “ìfojúinúwò” tàbí “àfojúinúwò”: ẹ lo “ì” fún ṣíṣe é, kí ẹ fi “à” sílẹ̀ fún ohun tí èèyàn rí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé fún àwọn òbí, kí lẹ ń fi àfòmọ́ ṣe? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fojú inú wo ọmọ wọn, ó parí.

Ẹni tó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé ṣé “ro ire sí” ni àbí “ro ire fún”, nílé tiwa, “sí” ni. Mo mọ̀ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ máa ní “fún”. Ẹ máa wí, mo ń kà yín.