Kí ni kí n sọ fún ẹgbẹ́ akọrin nípa Fẹlá Ṣówándé?

Onídùùrù Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà orin. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi la wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, èmi ni mò ń tẹ dùùrù. Ọ̀gá akọrin wa ní kí n sọ̀rọ̀ nípa Fẹlá Ṣówándé, onídùùrù tó tún ń kọ orin, ní alẹ́ orin tá a fẹ́ ṣe, kí n sì tẹ ọ̀kan nínú orin wọn. Ohun tí mo ń rí kà kò ju oyè àti ọdún lọ: wọ́n gba èyí, wọ́n gba tọ̀hún. Kí ló wà nínú ayé bàbá yìí tó lè wọ ọmọ akọrin lọ́kàn? Èkejì, kíbọ́ọ̀dù la ní, kò sí ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣé apá mi lè ká a?

Ọmọ Tẹ́nọ̀
Ṣé kì í ṣe Fẹlá Kuti lẹ ń sọ ni? Mi ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Akọrin Ọ̀yọ́
Rárá o, ọmọ mi, Fẹlá méjì ni. Ṣówándé ni àgbà, 1905 ni wọ́n bí i. Ti Kuti di 1938.

Onídùùrù, má fi London bẹ̀rẹ̀. Ilé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, ó sì wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ nílẹ̀ wa. Ó ṣe olùkọ́ ní St. Andrew's College, ní Ọ̀yọ́ wa níbí, níbi tí Ajayi Crowther University wà lónìí. Inú ilé orin ni wọ́n bí ọmọ náà sí.

Nígbà tó dé Èkó, ó bọ́ sọ́wọ́ T. K. E. Phillips, ọ̀gá dùùrù Kàtídírà Christ Church. Ibí gan-an ni kó o ti fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Phillips ti lọ kọ́ orin ní London láti 1911 sí 1914, ó padà wálé, ó jókòó ti dùùrù Kàtídírà yẹn títí di 1962. Òun ló ń tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1953. Gbogbo wa la ti kọ àwọn orin àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa há abẹ́ ohùn òyìnbó, tó jẹ́ pé bó o bá ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ń lọ sókè, ohùn ń lọ sísàlẹ̀. Ọmọ akọrin ni Ṣówándé lábẹ́ ọkùnrin yìí, ó sì dàgbà di igbákejì rẹ̀ nídìí dùùrù. Láìsí Phillips, mi ò rò pé à bá ní Ṣówándé tá a mọ̀ yìí.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ló bá lọ sí London. Owó wọ́n, ó ń tẹ jáàsì fi gbọ́ bùkátà. Àmọ́ kò fi dùùrù sílẹ̀: ní 1943 ó gba FRCO (Fellow of the Royal College of Organists), oyè tí àwọn onídùùrù òyìnbó gan-an ń lé kiri. Láti 1945 sí 1952, òun ló ń tẹ dùùrù, tó sì ń darí akọrin fún àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall.

Ó padà wálé ní 1953, ó di olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ìgbà tá a gba òmìnira ní 1960, ó kọ Folk Symphony, orin ńlá fún ọ̀pọ̀ ohun èlò orin. Ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ àlùfáà yìí sì jókòó ṣèwádìí Ifá, ó kọ ìwé nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní yunifásítì Howard, Pittsburgh àti Kent State. Ohio ló kú sí ní 1987.

Ti kíbọ́ọ̀dù rẹ, wá onígìtá béèsì. Ìlà mẹ́ta ni orin dùùrù máa ń ní. Gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ìlà tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, fún un. Bí dùùrù ńlá ṣe sábà máa ń mú ìlà ẹsẹ̀ dún ní octave kan sísàlẹ̀ ohun tá a kọ, bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá béèsì ṣe ń ṣe, wọ́n bára mu. Bí kò bá mọ staff, ìyẹn orin tí wọ́n fi àmì kọ sórí ìlà, bá a kọ ọ́ sí tonic sol-fa (do, re, mi). Ìka ni kó fi fà á. Níbi tí ohùn kan bá ti pẹ́, kó rọra tún un fà, torí ohùn gìtá máa ń kú, ti dùùrù kì í kú. Ọwọ́ òsì tìrẹ ò gbọ́dọ̀ dá sí ìlà yẹn rárá.

Áltò Àkẹ̀sán
Bàbá, ẹ má bínú o. Gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ìjọ ń fẹ́. Ta ló fẹ́ jókòó máa gbọ́ dùùrù lásán? Ṣé orin yẹn ò ti di ti òyìnbó tán?

Bàbá Akọrin Ọ̀yọ́
Kò sí ìbínú, ìyá mi. Gbọ́ orin dùùrù rẹ̀ tó ń jẹ́ Oyígíyigì ná. Ohùn Yorùbá kan ṣoṣo ló mú, tó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí àyàn ṣe máa ń mú oríkì kan tí á máa fi ìlù pa á dà títí inú ẹni tó ń kì á fi dùn. Dùùrù ni irinṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ló ń sọ. Ó dùn mí pé àwọn òyìnbó ń tẹ̀ ẹ́ ní kàtídírà wọn, tí ọmọ Ọ̀yọ́ kò sì mọ̀ ọ́n. Onídùùrù, bí ìyẹn bá ṣòro, ó fi Go Down Moses, orin ẹ̀mí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, náà ṣe orin dùùrù. Àwọn Onítẹ̀bọmi á mọ ohùn yẹn.

Onídùùrù Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Oyígíyigì ni mo fẹ́. Mo rò ó pé kí sopránò kọ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan láìsí dùùrù, kí ìjọ gbọ́ ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Akọrin Ọ̀yọ́
O rò ó dáadáa. Kí wọ́n kọ ọ́ ní ìpele ohùn (key) tí dùùrù rẹ máa fi wọlé o, kó má bàa di pé wọ́n ti gun òkè jù. Sọ fún onílù ńlá kó jókòó jẹ́ẹ́ títí o fi parí.