Ibo ni kí n gbé ẹ̀rọ tó ń ké sí èéfín yìí kọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé. Àbúrò mi tó wà ní London ló fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́, irú èyí tó máa ń han gooro bí èéfín bá ti rú nínú ilé. Mo kàn án mọ́ àjà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Háà! Màmá wa ò tíì da àlùbọ́sà sínú epo gbígbóná tán tí ẹ̀rọ yìí á ti figbe bọnu. Lọ́jọ́ Sátidé, ará ilé kejì fi garawa omi sáré wọlé. Ni Màmá bá yọ bátìrì rẹ̀ méjèèjì sínú tọ́ọ̀ṣì.

Ìwé tó bá a wá ní kó jìnnà sí ibi ìdáná tó mítà 3, ṣùgbọ́n ilé wa ò fẹ̀. Ṣé kí n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn? Ṣé eruku ọyẹ́ ò ní máa mú un ké lásán? (Mo mọ̀ pé kò lè mọ gáàsì olóró jẹnẹrétọ̀, ìyẹn gba ẹ̀rọ ọ̀tọ̀.) Ẹni tó bá ti lò ó rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?