Bí mo ṣe rí ohùn gìtá thrash ọdún 1986 nínú kọ̀ǹpútà

Ohùn gìtá Metallica, ẹgbẹ́ olórin thrash (ìyẹn rọ́ọ̀kì tó le tó sì yára), nínú àwo Master of Puppets ni mo ń wá, àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Copenhagen tó sì jáde ní 1986. Mi ò ní ámpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde) kankan nílé. Gìtá mi, kọ̀ǹpútà, àti sọ́fítíwíà tó ń ṣe bí ámpù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báàsì (ohùn ìsàlẹ̀ gìtá náà, kì í ṣe gìtá báàsì) ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ámpù Mesa/Boogie Mark IIC+ ni wọ́n fi ṣe preamp (apá àkọ́kọ́, tó ń ṣẹ̀dá ohùn) fún àwo yẹn, ámpù Marshall ló wá ń gbé ohùn náà lọ sí sípíkà. Nínú ámpù Mark, ibi tí a ti ń yí báàsì wà ṣáájú ibi tí distortion (ìyẹn kí ohùn gìtá máa ha) ti ń ṣẹlẹ̀. Bí báàsì bá pọ̀ jù níbẹ̀, ohùn á wúwo, á máa wọ́ tuurutu, okùn tí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ò sì ní dún gbì-gbì-gbì bó ṣe yẹ. Mo yí i wálẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó dé òdo. Graphic EQ tó wà lẹ́yìn (ibi tí a ti ń gbé apá ohùn kọ̀ọ̀kan sókè tàbí wálẹ̀) ni mo fi dá báàsì padà: mo ti 80 Hz (báàsì) sókè, mo fa 750 Hz (ohùn àárín) wálẹ̀ dáadáa, mo tún ti 6600 Hz (ohùn òkè) sókè díẹ̀. Báàsì tó bá wọlé lẹ́yìn distortion kì í da nǹkan rú mọ́. Áà, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn!

Ó máa ń wuni láti yí gain (bọ́tìnnì tó ń pinnu bí distortion ṣe máa pọ̀ tó) dé òpin, àmọ́ gìtá inú àwo yẹn ò nípọn nítorí gain. James Hetfield, akọrin Metallica tó tún ń ta gìtá, fúnra rẹ̀ ló ta rhythm (gìtá tó gbé orin ró) náà ní àtàtúntà, tí wọ́n tò ó léra wọn. Èmi náà ta tèmi lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sí apá òsì pátápátá, èkejì sí ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ẹ̀dà ẹyọ kan sí apá méjèèjì o, àárín lásán ni ẹ máa gbọ́ ọ. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín ọwọ́ àkọ́kọ́ àti ọwọ́ kejì ló ń jẹ́ kó fẹ̀. Kí pick (ohun pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn) sì máa lọ sí ìsàlẹ̀ nìkan, bó ti wù kó yá tó.

Lójú tèmi, impulse response (fáìlì tó ń fara wé sípíkà àti máíkì iwájú rẹ̀) tí ẹ bá yàn fún sípíkà lágbára ju ámpù fúnra rẹ̀ lọ. Máíkì tó bá dojú kọ àárín sípíkà gan-an máa ń mú létí. Bó bá sún sí ẹ̀gbẹ́, ohùn á rọ̀. Ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ohùn Slayer (ẹgbẹ́ thrash mìíràn) pẹ̀lú ámpù Marshall JCM800, tí kò ní graphic EQ lára, báwo lẹ ṣe ń gé báàsì tiyín? Ṣé Tube Screamer (pẹ́dàlì kékeré tó ń dín báàsì kù) lẹ fi síwájú?