Mo fi Rust kọ driver, kernel ṣì ń dákú: ẹ gbà mí o

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi yí driver (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kúrò ní èdè C sí èdè Rust. Ọ̀gá mi kò fẹ́ ẹ rárá. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni compiler (ètò tó ń yẹ kóòdù wò, tó sì ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) ń bá wẹ ọwọ́. Mo bá a jiyàn lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àfi bí kernel, ọkàn Linux gan-an, ṣe dákú lánàá níwájú oníbàárà! Ẹnì kan tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ tábìlì. Use-after-free ló kọ síbẹ̀, ìyẹn lílo mẹ́mọ́rì tí a ti tú sílẹ̀. Ṣebí wọ́n ní Rust kì í gba ìyẹn láyè? Ṣé kí n padà sí C ni, àbí kí n wá iṣẹ́ mìíràn?

Bàbá Kernel: Pẹ̀lẹ́ o. Kernel wo lẹ̀ ń lò? Unsafe mélòó, ibi tí compiler ti ń fọkàn tán ọ̀rọ̀ yín, ló wà níbẹ̀? Láìrí ìyẹn, a kàn ń dífá ni.

Àbẹ̀kẹ́: Ọ̀gá tèmi náà nìyẹn! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá lock kan (àgádágodo tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ kan ṣoṣo fọwọ́ kan dátà lẹ́ẹ̀kan) tí ẹnì kan gbàgbé láti tú nínú C. Ní Rust, tí function bá ti parí, guard tó di lock mú á tú u fúnra rẹ̀.

Ọmọ C: Rust, Rust, lójoojúmọ́. Ẹ kọ C dáadáa, ó tán.

Àbẹ̀kẹ́: Dáadáa báwo? Microsoft fẹnu ara wọn sọ lọ́dún 2019 pé bí 70 nínú 100 àléébù ààbò tí àwọn ń tún ṣe, àṣìlò mẹ́mọ́rì ni. Ṣé gbogbo wọn ni kò gbọ́ C?

Olùbéèrè: Unsafe kò pọ̀. 5.15 ni kernel wa.

Bàbá Kernel: 5.15 kẹ̀? Inú 6.1, ní Oṣù Kejìlá 2022, ni Rust ti kọ́kọ́ wọ Linux. Kí lo wá so ó mọ́?

Olùbéèrè: Èmi ni mo kọ bindings rẹ̀, afárá láàárín Rust àti C. Mo gba pointer bọ́fà (àdírẹ́sì àyè mẹ́mọ́rì kan) lọ́wọ́ C, mo sọ ọ́ di &'static mut kí compiler lè yé pariwo. Tí a bá yọ káàdì, C á tú bọ́fà náà sílẹ̀.

Bàbá Kernel: Háà! O parọ́ fún compiler, ó sì gbà ọ́ gbọ́. 'Static ń sọ pé bọ́fà yẹn ò ní kú láéláé, ìwọ sì ti fún C lọ́bẹ. Jẹ́ kí struct (àkójọ dátà) kan ní Rust ni ín, kí Drop rẹ̀, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí struct bá parí, máa tú u. Ṣùgbọ́n free_irq, tó ń yọ handler (kóòdù tó ń dáhùn ìpè káàdì) kúrò, ni kó ṣáájú. Ó máa ń dúró kí handler tó ń ṣiṣẹ́ parí. Níbo ló wà nínú kóòdù yín?

Ọmọ C: Ṣé ẹ rí i? Unsafe náà ni.

Olùbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni. Ẹ̀yìn kfree, tó ń tú bọ́fà sílẹ̀, ló wà. Apá C ni, ọ̀gá mi ló kọ ọ́.