Kí ni ká pe "dönsk tunga"?

Ẹ̀yin ará mi, dönsk tunga ni orúkọ tí àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́ ń pe èdè wọn. Ẹ̀gbọ́n wa tó tú u sí "èdè Dẹ́nmárkì àtijọ́" ṣiṣẹ́ takuntakun, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ìtumọ̀ yẹn. Ó máa ṣi ẹni tó bá ń ka ìtàn àwọn ará Áísílándì lọ́nà.

Bí a bá tú u ní ẹyọ ẹyọ, "ahọ́n Dánì" ni; Dánì ni àwọn ará Dẹ́nmárkì àtijọ́. Àmọ́ kì í ṣe Dánì nìkan ló ń sọ ọ́. Ará Nọ́wè, ará Swídìn àti ará Áísílándì, orúkọ tí wọ́n ń pe èdè abínibí wọn nìyẹn. Snorri Sturluson, ọmọ Áísílándì tó kú ní 1241, fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ Heimskringla: ó ní ìtàn àwọn olórí ilẹ̀ àríwá tí wọ́n sọ èdè Dánì lòun fẹ́ kọ.

Ẹ wá wo ohun tí ìwé yẹn kan náà sọ nípa Dánì. Ogun ojú omi tí wọ́n ń pè ní Svolder ni, ní nǹkan bí ọdún 1000. Ólafr Tryggvason, ọba Nọ́wè, wà lórí ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ejò Gígùn. Ó bèèrè ta ló ni àsíá tó wà níwájú. Wọ́n ní Dánì ni, pẹ̀lú Sveinn ọba wọn. Ó ní àwọn ò bẹ̀rù ojo, kò sí akin nínú Dánì. Ti ọ̀tún ńkọ́? Wọ́n ní ará Swídìn ni. Ó ní ì bá sàn kí wọ́n jókòó sílé, kí wọ́n máa lá àwo ẹbọ wọn. Ìgbà tó gbọ́ orúkọ Eiríkr, ìjòyè Nọ́wè tó wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá, ló tó gbà pé ìjà máa le, torí ará Nọ́wè bíi tiwọn ni.

Ìwé tó kọ èyí sílẹ̀ ló pe èdè ara rẹ̀ ní èdè Dánì! Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Orúkọ àwọn Ọ̀yọ́ ni Yorùbá kó tó di ti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì. Ní Bràsíl, Nagô ni wọ́n pe gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà kan ni Ànàgó. Ta ni yóò tú Nagô ti Bahia ní Bràsíl sí "èdè Ìpókíá", torí pé ìlú Ànàgó ni Ìpókíá, tí a ò ní bá a wí?

Àbá mi ni pé ká máa kọ "èdè Dánì". Danir ni wọ́n ń pe ara wọn, ibẹ̀ ni mo ti mú Dánì, kì í ṣe lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ká fi "ará Dẹ́nmárkì" sílẹ̀ fún àwọn tòde òní. "Ahọ́n" kò bá mi lára mu, nítorí èdè là ń gbọ́, ahọ́n là ń fi tọ́ ọbẹ̀ wò.

Àbúrò kan ní ká kúkú kọ "èdè Àríwá". Ẹ jọ̀ọ́, ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyẹn ní norrœnt mál, òun ni èdè Àríwá, òun náà ló sì wá ń gbapò dönsk tunga nígbà tó yá. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan tú méjèèjì, òǹkàwé wa kò ní rí ibi tí wọ́n ti pa orúkọ dà.