Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin ọ́kíìdì sínú ilé n'Ìbàdàn, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Àdùnní Bódìjà
Ẹ káalẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ra ọ́kíìdì kan fún mi lóṣù Kejìlá, irú èyí tí òdòdó rẹ̀ dà bí labalábá funfun. Òdòdó yẹn lò tó oṣù méjì àtààbọ̀ kó tó máa já bọ́ níkọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, kò tanná mọ́. Ní báyìí ewé rẹ̀ ti rọ bí ẹ̀fọ́ tó sùn mọ́jú lọ́jà, bẹ́ẹ̀ mo ń bomi rin ín láràárọ̀. Ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú yín rí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Láràárọ̀ kẹ̀? O ti pa á.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Má dá a lóhùn báyẹn, kò tíì kú. Àdùnní, yọ ọ́ nínú ìkòkò kí o wo gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó bá le, tó láwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ewé, ó yè. Èyí tó bá dúdú, tó ń ṣomi tí o bá tẹ̀ ẹ́, ó ti jẹrà nìyẹn. Fi àlùmọ́gàjí tó mọ́ gé e dànù. Gbòǹgbò tó jẹrà kò lè fa omi mọ́, ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ ewé nígbà tí omi kún ìkòkò. Bí tèmi ṣe lọ nìyẹn lọ́dún 2021. Mo rí i tí ewé rọ, mo ní òùngbẹ ni, mo tún da omi sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ó parí. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá Àgbẹ̀ Àpáta
Orí igi ni nǹkan yìí ń gbé nínú igbó, afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá kó ilẹ̀ dúdú bò ó ti fún un lọ́rùn. Èmi lọ ṣa èèpo igi níbi tí wọ́n ti ń ta pákó ní Bódìjà, mo sè é, mo pò ó mọ́ èédú àti èèpo àgbọn tí mo gé wẹ́wẹ́, mo wá lo ìkòkò oníhò. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbówó
Èló ni wọ́n ń tà á? Àti pé, Bàbá, ohun tó ń gbé orí igi, ṣé kì í ṣe àfòmọ́ nìyẹn? Bàbá àgbà mi kì í fi àfòmọ́ sílẹ̀ lórí kòkó wọn rárá.

Bàbá Àgbẹ̀ Àpáta
Rárá o. Àfòmọ́ a máa kẹnu bọ ara igi, a máa mu oje rẹ̀. Ọ́kíìdì kàn jókòó síbẹ̀ ni. Òjò àti ìrì ni tirẹ̀.

Ìyá Alágbo Ọjà'ba
Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó bá ti hù lórí igi, àfòmọ́ là ń pè é. Ti orí kòkó ọ̀tọ̀, ti orí orógbó ọ̀tọ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin àgbà náà lẹ ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Èyí légbò, Mà. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ìyá Alágbo Ọjà'ba
Mi ò yọ ọ́.

Bàbá Àgbẹ̀ Àpáta
Ilẹ̀ tiwa náà ní ọ́kíìdì o. Ansellia africana wà ní Nàìjíríà, òdòdó àwọ̀ ìyeyè tó ní àmì tó-tò-tó bí ara ẹkùn. Fánílà tòótọ́ tí wọ́n ń fi sí kéèkì náà, èso ọ́kíìdì ni.

Olúfúnkẹ́ Ring Road
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó ti pẹ́ nínú mi. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ọkọ mi gbé ọ́kíìdì elésè àlùkò wá bá mi. Òdòdó já tán, ó ku ewé mẹ́rin àti igi tín-ín-rín kan tó ti gbẹ. Ìyá ọkọ mi wá wẹ ọmọ, wọ́n ní irúgbìn tó ti kú kì í gbé ilé ọmọ tuntun. Kí n tó wẹ̀ tán, wọ́n ti gbé e fún àwọn akólẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo wọ yàrá, mo sunkún. Kò kú o! Ó ń sinmi ni.

Àdùnní Bódìjà
Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Kí wọ́n tiẹ̀ béèrè ná kẹ̀.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ẹ má dá Màmá lẹ́bi. Ta ló sọ fún wọn pé òdòdó máa ń sinmi? Ẹni tó ń wẹ ọmọ fún ọ, ire ló ń wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbówó
Ire wo? Ẹ̀bùn ọkọ ẹni!

Olúfúnkẹ́ Ring Road
Mi ò bínú sí wọn mọ́. Èyí tó wà nílé mi báyìí, àwọn ni wọ́n ń gbé e sẹ́bàá fèrèsé ìlà oòrùn láàárọ̀, wọn kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán ta á léwé.

Télọ̀ Mọ́lété
Tèmi tanná lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún tó kọjá, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
N'Ìbàdàn yìí? Gbé fọ́tò wá.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ẹ̀ẹ̀mẹta ò yé mi. Ẹ̀ẹ̀kan nìkan ni tèmi ń tanná. Bí ooru bá ń ju 28°C lọ tọ̀sán tòru, ewé nìkan ló ń yọ. Òru ọyẹ́ tó ń tutù ló ń jẹ́ kó ta ọ̀pá òdòdó, n kì í gbé e wọlé nígbà náà. Omi òjò ni mo ń lò, torí omi kànga wa ń fi funfun sílẹ̀ lára ìkòkò. Bí gbòǹgbò bá láwọ̀ eérú, mo bomi rin ín. Bó bá ṣì láwọ̀ ewé, mo fi í sílẹ̀. N kì í sì jẹ́ kí omi dúró láàárín ibi tí ewé ti pàdé.

Àdùnní Bódìjà
Mo ti yọ ọ́. Gbòǹgbò mọ́kànlá, mẹ́jọ ti jẹrà. Mẹ́ta ló le.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Mẹ́ta tó. Má bomi rin ín lónìí o.